Ọ̀gá Tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ̀

Kọ̀ǹpútà náà ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ Akínpẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ Akínpẹ̀lú fúnra rẹ̀ ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn, tó ń pa ẹ̀pà jẹ.

Mùjídàt ka ohun tó wà lójú dúdú kọ̀ǹpútà náà, ó tún un kà. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, kò wo ibì kankan.

"Ọ̀gá, ó ní ẹ ò sí."

"Ta ló ní mi ò sí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà. Ó ní òun wá yín títí, òun ò rí yín."

Akínpẹ̀lú ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Wá ibi tó ti kọsẹ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó wà nínú yàrá aláìsàn. "Iṣẹ́ tìẹ nìyẹn. Èmi ti ṣe tèmi."

Ọwọ́dé ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, nílùú Ọ̀yọ́, ògiri kan ló là á sí ti Ìyá Asiyah tó ń ta ike. Ibẹ̀ ni Mùjídàt ti ń kọ́ṣẹ́ láti ìgbà tó ti fi ilé ìwé girama sílẹ̀ láìparí. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ ò pé. Àwàdà ló pọ̀ lára rẹ̀ ju èyí tí tíṣà lè gbà lọ. Kódà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ó ti fi ohùn pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà kan rí, débi pé bí Ìyá Asiyah bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, kọ̀ǹpútà á ní, "Ìyá Asiyah, ẹ kọ́kọ́ lọ fọwọ́." Obìnrin náà sá jáde, ó fi bàtà rẹ̀ kan sílẹ̀. Akínpẹ̀lú bá Mùjídàt wí lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní kó fi hàn òun bó ṣe ṣe é.

Irú ọ̀gá tó jẹ́ nìyẹn. Kì í na ọmọ, kì í pariwo. Bí iṣẹ́ bá sì dé ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ti bá oníṣẹ́ pàdé. Mùjídàt máa ń fi í yangàn láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù ní Ọwọ́dé. "Ọ̀gá tiyín ń tún kọ̀ǹpútà ṣe," á ní. "Tèmi ń bá a sọ̀rọ̀ ni."

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé iṣẹ́ tọ̀tẹ̀ yìí wá. Wọ́n fẹ́ détábéèsì, ìyẹn àká inú kọ̀ǹpútà tí wọn yóò máa kó ọ̀rọ̀ gbogbo aláìsàn wọn sí, kí wọ́n má baà máa wá fáìlì kiri bí ẹni wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Daniel, awakọ̀ wọn, ló gbé kọ̀ǹpútà náà wá, tuntun nínú páálí rẹ̀.

"Ọ̀gá rẹ ńkọ́?" Daniel bi í.

"Wọ́n lọ ra ẹ̀pà, sà."

"Ìgbàkigbà tí mo bá ti wá ló ń lọ ra ẹ̀pà. Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ni?"

Mùjídàt rẹ́rìn-ín. Òun náà ti ṣàkíyèsí i. Bí èèyàn bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ẹnu á máa yun Akínpẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì pè é síbẹ̀ láti wá ṣiṣẹ́, ó máa ń ní kí wọ́n gbé e wá fún òun ni.

Iṣẹ́ yìí gan-an ló fi ṣe ìdánwò àṣekẹ́yìn fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní jẹ́ kó máa tẹ àṣẹ kọ̀ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà. Kó kọ gbogbo àṣẹ náà tẹ̀lé ara wọn sójú kan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sìkíríìpìtì, kí kọ̀ǹpútà máa kà á, kó sì máa ṣe é fúnra rẹ̀.

"Bó bá sáré láti òkè dé ilẹ̀ lójú mi láì kọsẹ̀," Akínpẹ̀lú ní, "wàá kúnlẹ̀, màá gbé ọwọ́ lé ọ lórí. O ti gba fíríìdọ̀mù nìyẹn."

Ohun tí Mùjídàt ń wá láyé nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá gbé ọwọ́ lé lórí, tí kò ṣàdúrà fún, kó mọṣẹ́ títí, ìsáǹsá ni wọn yóò máa pè é. Wọ́n sì ti pè é ní ìsáǹsá súkúù rí. Kò fẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí sìkíríìpìtì náà máa kọsẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, orí ìlà àkọ́kọ́ ló ti dákú. Mùjídàt wo ìlà náà, kò rí àbùkù kan. Ó pẹ́ kó tó rántí pé orí kọ̀ǹpútà mìíràn lòun ti kọ ọ́, irú èyí tó máa ń fi àmì tí ojú kò rí sí ìparí ìlà. Ó gbá wọn dànù. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ǹpútà ní òun kò fún un láyè láti wọ ibi tó fẹ́ kó ẹrù sí. Ó gba àyè. Nígbà tí détábéèsì wá jí, tó dáhùn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá tábìlì. Ibi tó ti fẹ́ fa détábéèsì náà lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ni kọ̀ǹpútà ti ní òun ò mọ olówó rẹ̀.

Akínpẹ̀lú lorúkọ tó sì fi síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ bá rán aṣọ tó dára, ọ̀gá ló rán an. Títí tí yóò fi gba fíríìdọ̀mù, ọmọ iṣẹ́ kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sára iṣẹ́.

Mùjídàt bá fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ han kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹni tuntun hàn án. Kọ̀ǹpútà gbà. Mùjídàt ní kó pe orúkọ náà padà. Kò sí. Ó tún un ṣe, kọ̀ǹpútà tún gbà, ó tún gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ẹnì kan ń fi òun ṣe irú eré tí òun máa ń fi àwọn èèyàn ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ẹlòmíràn hàn án: Òkété. Ó ní kó pe orúkọ náà. Òkété wà.

"Ọ̀gá, ó mọ òkété."

"Òkété wúlò jù mí lọ nìyẹn," Akínpẹ̀lú ní. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Kò dé ojú.

Ó dìde lọ ra ẹ̀pà mìíràn. Mùjídàt sún mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀, èyí tí Akínpẹ̀lú ti ń lò ṣáájú kó tó gbà á síṣẹ́. Gbogbo ohun tí èèyàn bá ṣe lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ló máa ń ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára. Ó wo iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tó yẹ kí orúkọ wà, òǹkà lásán ló wà níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe nìyẹn bí ẹni tó ṣiṣẹ́ bá ti wà rí, tí wọ́n ti wá yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó wà.

Ó jókòó sórí àga ọ̀gá rẹ̀ láti ronú. Oòrùn ọ̀sán ń jó páànù ṣọ́ọ̀bù náà, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Akínpẹ̀lú ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni, ó sì ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Àga náà tutù bí ilẹ̀ ìdí àmù.

Mùjídàt dìde. Kò jókòó síbẹ̀ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ pè é. Mùnírù, oníṣọ̀nà awọ ni. Òun náà ti gba fíríìdọ̀mù rí, ó sì ti fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó ń rán ìrọ̀rí aláwọ kan lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Mo gbọ́ pé o ti fẹ́ gbà á."

"Ó kù díẹ̀, Bàbá mi."

"Ta ni yóò dúró lẹ́yìn ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ náà? Àwa yóò dúró lẹ́yìn tìẹ. Ara ilé rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn tirẹ̀."

"Wọ́n ní àwọn ò ní ará ilé."

Mùnírù fa òwú rẹ̀ le. "Ṣé inú igbó ni wọ́n ti ká a ni? Mùjídàt, a kì í gba ọmọ wa padà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀. Bí kò bá mú èèyàn wá, mi ò ní dé ibẹ̀."

Nígbà tí Mùjídàt dùbúlẹ̀, ọgbọ́n kan sọ sí i. Òjò kan ti pa òun àti ọ̀gá rẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù rí, ọ̀rọ̀ sì ti bọ́ lẹ́nu Akínpẹ̀lú pé lẹ́yìn Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí òun, ní ilé Bàbá Olúwaṣògo. Ó panu mọ́ lójijì, ó ní kí Mùjídàt gbàgbé e. Mùjídàt kì í gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bóyá ìjà ló wà láàárín wọn. Òun á lọ pè wọ́n, òun á kó wọn dé lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù láìsọ fún un. Ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀ lọ́kàn bí yóò ṣe yà lẹ́nu, ó bú sẹ́rìn-ín lórí ẹní. Èyí yóò dùn ju ti Ìyá Asiyah lọ.

Ọjọ́ Sátidé ló wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀kalẹ̀ ní Takie, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó ń bèèrè ọ̀nà títí wọ́n fi na ọwọ́ sí ilé Bàbá Olúwaṣògo, ilé àtijọ́ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Obìnrin àgbà kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń kọjá ń pè é ní Ìyá Ẹ̀yẹolúwa.

Mùjídàt kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán, mà."

"Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ta lò ń wá?"

"Ará ilé Ọ̀gá Akínpẹ̀lú ni mà. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà."

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bèèrè rẹ̀. Ṣé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ́? O kéré jù."

"Ọmọ iṣẹ́ wọn ni mí, mà."

"Rárá," Ìyá Ẹ̀yẹolúwa ní, ohùn rẹ̀ kò le. "O ti kéré jù. Dìde, wá kí i."

Mùjídàt rò pé ọ̀gá òun ti gbọ́, ó ti ṣáájú òun délé láti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tẹ̀lé obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Sàréè kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi táìlì funfun tẹ́, wọ́n kọ Akínpẹ̀lú sí ibi orí rẹ̀. Wọ́n sá ẹ̀pà sórí rẹ̀ nínú oòrùn.

"Mọ́tò ló gbá a ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́," obìnrin náà ní. "Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Takie nígbà náà, ó kún fún ọmọ iṣẹ́. Ó ku díẹ̀ kó tú àwọn kan sílẹ̀ nínú wọn. Wọ́n kàn fọ́nká ni. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ àbúrò mi. Ìyẹn ló dùn mí jù."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ̀pà náà.

"Ibi yìí ni mo ti ń sá ẹ̀pà, oòrùn ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ó máa ń dín. Mo ṣọ́ ọ títí, mi ò rí ẹyẹ, mi ò rí ewúrẹ́."

Ọ̀rọ̀ tí Mùjídàt ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀ láti kékeré, tó fi ń rẹ́rìn-ín, ló ń padà wá sí i létí: àkúdàáyà. Ẹni tó kú níbì kan tó ṣí lọ máa gbé ibòmíràn, tó ń jẹ, tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí yóò fi fojú kàn án. Bí ojú bá ti kàn án, a kì í bá a níbẹ̀ mọ́.

"Níbo lo ti rí i?" Ìyá Ẹ̀yẹolúwa bèèrè jẹ́ẹ́. Kò wò ó. "Ẹnì kan wá sọ fún mi rí pé òun rí i ní Ìkòyí-Ilé. A sáré lọ. A bá ṣọ́ọ̀bù ní ṣíṣí, iná wà nínú kọ̀ǹpútà. Sọ fún mi, ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ rí i ni."

Irọ́ kì í wọ́n Mùjídàt. Lọ́jọ́ yẹn, ó wá a kó tó rí ẹyọ kan pa. Bó bá sọ Ọ̀yọ́, obìnrin yìí á wọ mọ́tò lọ́jọ́ náà, Akínpẹ̀lú á sì ti lọ. Kò sí ọwọ́ tí yóò balẹ̀ lórí òun mọ́. Òun náà á di ọ̀kan nínú àwọn tó fọ́nká.

"Mo ṣi ilé ni, mà," ó ní. "Akínpẹ̀lú mìíràn ni mò ń wá."

Ìyá Ẹ̀yẹolúwa mi orí. Ó sìn ín dé ojú títì, ó ń fi ọwọ́ nu ojú bí ẹni tí eruku kó sí.

"Ó dáa," ó ní. "Nígbà tí o bá délé, bá wa kí ẹni tó ò ń wá."

Ẹ̀rù ba Mùjídàt nínú mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́. Ọjọ́ Sọ́ńdè, kò lè jẹun. Ìyá rẹ̀, Marufat, rò pé ibà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè mọ́, nǹkan mìíràn ti gorí ẹ̀rù náà. Gbogbo ohun tí òun mọ̀ láyé tí ẹnikẹ́ni lè fi yin òun, ọwọ́ ọkùnrin yìí ni òun ti gbà á. Àwọn alààyè tó kọ́ òun ní súkúù, kí ni wọ́n kọ́ òun? Bó bá jẹ́ òkú ni, òkú tó mọṣẹ́ ni. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù, ó lọ.

Akínpẹ̀lú ti wà níbẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà jẹ. Mùjídàt kí i, kò jẹ́ kí ojú àwọn ṣe mẹ́rin. Ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà. Ó ti mọ ibi tó ti kọsẹ̀. Àṣìṣe náà ò sí nínú àṣẹ kankan tó kọ. Kọ̀ǹpútà ò lè fa nǹkan lé ẹni tí kò sí lọ́wọ́, òótọ́ ló sì ti ń sọ láti ọjọ́ yìí. Ó dé ibi ìlà tí orúkọ wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Èèwọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni ohun tó fẹ́ ṣe yìí. Ó pa orúkọ ọ̀gá rẹ̀ rẹ́, ó kọ tara rẹ̀ sí i.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó."

Akínpẹ̀lú dìde, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mùjídàt kò gbọ́ èémí rẹ̀. Kò tíì fi etí sí i rí títí di ọjọ́ náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú dúdú náà. Détábéèsì jí. Ó wọ ibi tó fẹ́ wọ̀. Ó dé ibi orúkọ, kò tilẹ̀ dúró mí. Mùjídàt, ó wà. Ó sáré dé ilẹ̀, ó parí.



"O kọ orúkọ rẹ sí i," Akínpẹ̀lú ní.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀."

"Inú kọ́ ló ń bí mi." Ìyangàn ló wà nínú ohùn rẹ̀, irú èyí tí Mùjídàt kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nítorí tirẹ̀ rí. "Mo ti kọ́ ọmọ tó pọ̀. Ìwọ lo débẹ̀. Kúnlẹ̀."

Mùjídàt yí padà, ó kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba. Bàbá rẹ̀ kò wá, kò sì sí ará ilé ọ̀gá níbẹ̀. Ó ń wo ìka ẹsẹ̀ Akínpẹ̀lú nínú sálúbàtà, eruku pupa ojú títì wà lára rẹ̀. Ọwọ́ náà balẹ̀ lórí rẹ̀. Ó wúwo, ó sì tutù wọ agbárí.

"Iṣẹ́ yìí kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ibi tí mi ò lè dé, wàá dé ibẹ̀. Orúkọ rẹ ni wọ́n á máa pè. Mo tú ọ sílẹ̀ lónìí. Mo tú ọ sílẹ̀."

"Àmín, sà."

Ọwọ́ náà kò kúrò.

"Mùjídàt."

"Sà."

"Nígbà tí o dé Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ní kí o kí mi?"

Mùjídàt kò sọ fún ẹnì kankan pé òun lọ. Ó di ojú pa. Omi ń já bọ́ lójú rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí nǹkan mìíràn.

"Wọ́n kí yín, sà."

"Ó ṣeun," ohùn náà ní, láti òkèèrè díẹ̀, bí ẹni tó ti ń gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Aṣọ ìlẹ̀kùn mì. Ìyá Asiyah ló gbé orí wọlé, agbọ̀n ike wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Mùjídàt lórí ìkúnlẹ̀, ó wo gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù ká.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń kúnlẹ̀ fún? Ọ̀gá rẹ dà?"

Mùjídàt la ojú. Sálúbàtà náà kò sí níwájú rẹ̀ mọ́. Èèpo ẹ̀pà nìkan ló kù nílẹ̀.

"Mò ń gba fíríìdọ̀mù ni, mà," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìyá Asiyah bú sẹ́rìn-ín. "O ti tún bẹ̀rẹ̀. Tòní ò ní mú mi. Dìde jàre, wá bá mi ṣẹ́ owó."

Ó sì ń rẹ́rìn-ín padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Mùjídàt fẹ́ dìde. Kò lè dìde. Ọwọ́ náà ṣì wà lórí rẹ̀.